Ohun Tó Wà Lábẹ́ Tìmùtìmù Waylon

Arlis ọkọ mi ṣì wà láyé nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku èédú inú kùsà ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ní orí òkè Kentucky níbí la ti tọ́ ọmọ-ọmọ wa méjèèjì, Dalton àti Shelby àbúrò rẹ̀. Dalton ti bí Waylon, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìyá ọmọ sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Shelby fẹ́ fi ọkọ̀ gbé èmi àti Waylon lọ sílùú. Ẹ̀yìn náà ló tó sọ ohun tí Dalton bá a sọ fún mi.

"Bá mi gbé oògùn olóró yìí dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Mo ti tì í sábẹ́ tìmùtìmù àga ọmọdé tá a máa ń de Waylon mọ́ nínú ọkọ̀."

"Bọ́lọ́pàá bá dá wa dúró ńkọ́?"

"Ọlọ́pàá wo ló máa jí Waylon lójú oorun? Igbe ẹ̀ nìkan á lé e padà sí àgọ́! Àbí o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Àpò oògùn náà ki, bẹ́líìtì ò sì dé ara wọn mọ́, ni Shelby bá dẹ̀ ẹ́.

A dé iwájú ilé àwọn panápaná, níbi tí wọ́n ti ń bá aráàlú yẹ àga ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́.

"Yà síbẹ̀, Shelby. Àga yìí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí."

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá Àgbà."

Ó kọjá. Ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ sí wa. Shelby tẹ bíréèkì, àga àti ọmọ dojú dé, ọwọ́ mi ni mo fi gbá a mú. Shelby páàkì, ó sunkún, ó jẹ́wọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ẹbí kì í fa ẹbí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Shelby fúnra rẹ̀ ló yí ọkọ̀ padà sí ilé àwọn panápaná.

"Waylon ò ní kú torí pé mo fẹ́ràn bàbá ẹ̀," ló wí, ó gbé àpò náà fún panápaná, ó sì sọ ẹni tó ni ín. Wọ́n pe ọlọ́pàá.

Dalton lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ ní kí Shelby máa ṣa ìdọ̀tí lẹ́bàá títì jálẹ̀ ìsinmi iléèwé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á sì máa fọn fèrè ọkọ̀ sí i: "Olófòófó!" Arlis ò bójú wò ó, títí ọjọ́ tó fọwọ́ júwe sí i pé kó wá bá òun yan búrẹ́dì àgbàdo.

Odindi ọdún kan ni Dalton fi yan Shelby lódì. Lọ́jọ́ kan, ó pè láti ẹ̀wọ̀n, ó ní kí n gbé fóònù fún Shelby.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ń sáré káàkiri ilé. Kò gbọ́ràn, bíi tìẹ."

Dalton rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. "O ṣé, àbúrò mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀mí ọmọdé bo àṣírí òun, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ ó jìyà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ á yè.

Lọ́jọ́ tí Dalton pè yẹn, mo lọ sọ fún Arlis pé òun àti Shelby ti parí ìjà. Ó mi orí, ó di ọwọ́ mi mú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti jáde láyé.