Àpapọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lè Kà Tán

Ẹ̀rín Ẹlẹ́fẹ̀ lè jí òkú ìlú kejì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní yàrá Oníṣirò, ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé láti pa á dé.

Àmì dúdú kún ara ògiri, ìlà so wọ́n pọ̀ bí àwọ̀n. Oníṣirò ní àmì kọ̀ọ̀kan lè kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀. Àwọn tí ìlà bá so pọ̀ a máa fẹ́ kọjú síbì kan náà, ooru ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dúró, kí a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn tó, kí a ro wọ́n pọ̀: àpapọ̀ yẹn lòun ń wá.

“Wọ́n á tó mélòó?” ni Ẹlẹ́fẹ̀ bi í.

“Bí gbogbo iyanrìn etí òkun bá di akọ̀wé, tí wọ́n ń kà láti ìwáṣẹ̀, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mò ń bù ú tọ́ wò ni. Ẹni tó ń sebẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tán kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ pé.”

Orí Ẹlẹ́fẹ̀ wú bí ẹni pé ọ̀run ṣí sílẹ̀ lókè àjà. Látọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí kò lárùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí ìfẹ́ dé góńgó, ìyá Oníṣirò kọ̀ jálẹ̀. Ó ní aláwàdà kì í ṣọkọ. Ọmọ ní òun ti tọ́ ìwà rẹ̀ wò, ó dùn.

“Ibi tí inú rẹ̀ ti ń dùn nìkan lo ti ń bù,” ni ìyá wí. “Apá tó kù ńkọ́?”

Oníṣirò rántí ògiri rẹ̀. Irú àṣìṣe yẹn gan-an ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: apá tí àmì ti kọjú sókè ló ń bù, kò dé ìsàlẹ̀ rí. Àfìgbà tó fi ooru kún un títí tí kò sí àmì tó ń wo ojú ẹnì kejì mọ́, tó wá ń jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, kí apá kejì tó yọjú.

“Olólùfẹ́ mi,” ló sọ fún Ẹlẹ́fẹ̀, “mi ò ní fẹ́ ọ láìjẹ́ pé ìyá mi gbà.”

Ẹlẹ́fẹ̀ gbé ẹ̀fẹ̀ tó lè mú erin dọ̀bálẹ̀ lọ bá ìyá, Oníṣirò tẹ̀ lé e. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ló kú mọ́ ọ lọ́wọ́ rí?”

Ẹ̀rín kú lójú Ẹlẹ́fẹ̀.

“Àbúrò mi obìnrin, mà. Mò ń pa á lẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó dákẹ́, mo rò pé ó sùn ni. Mo ṣì parí ẹ̀fẹ̀ náà.”

Ẹkún bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún tó lè kún odò méje. Oníṣirò ń wò ó. Ẹni tóun rò pé òun ti wọ̀n tán, kò tíì wọn ìdajì rẹ̀.

Ìyá sún mọ́ Ẹlẹ́fẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Báwo ni ẹ̀fẹ̀ náà ṣe parí?”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Lọ pe bàbá rẹ. Ọkọ rẹ ti dé.”