Ìwé Ilé Etelvina

Inú agolo kan lẹ́yìn ìgò fínígà ní ilé ìdáná ni Etelvina ń tọ́jú ìwé àdéhùn ilé ọtí rẹ̀ sí. Aago kan ọ̀sán Sátidé, ìwé wà níbẹ̀. Aago méjì, agolo ṣófo.

Aago márùn-ún ni Belarmino onílé ń bọ̀. Bí kò bá rí ìwé, á lé Etelvina jáde, á sọ ilé di yàrá fún àwọn arìnrìn-àjò.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni Etelvina, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wí. "Ẹ pe ọlọ́pàá."

Nieves Cuervo ló wá, ọmọ bíbí Gijón, ìlú ọtí èso ápù, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Ṣé Belarmino wọbí lónìí?"

"Kó dán an wò!"

"Ẹni inú ilé ló bá a ṣe é, nígbà náà. Ta ló mọ agolo yìí?"

Àwọn méjì péré ni: Olvido tó ń dáná, àti Senén, ọmọ àbúrò Etelvina, tó ń da sídà, ọtí èso ápù, fún àwọn oníbàárà.

"Nídìí iná ni mo wà," Olvido ní. "Àwo ẹja méjìlélógún ni mo gbé jáde. Àbí iwin ló dín in?"

"Èmi wà ní yàrá ẹ̀yìn," Senén ní. "Mò ń da sídà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì. Wọ́n ti lọ. Ẹ wo ìgò wọn."

Òótọ́ ni, òfìfo ìgò márùn-ún wà lórí tábìlì. Nieves bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n dà sílẹ̀ láti fa omi. Ó lọ sí àwọn tábìlì iwájú, ó tún fọwọ́ kan tibẹ̀. Ó padà wá.

"Senén, báwo la ṣe ń da sídà?"

"Ẹ̀yin ọmọ Gijón lẹ ń bi mí? Ìgò á wà lókè orí, ife á wà nísàlẹ̀ ní ìbàdí, ọtí á já wọ inú rẹ̀ láti òkè."

"Iwájú rin gbindin. Ibí gbẹ táútáú."

"Àlejò ni wọ́n! Wọn ò mọ̀ pé a máa ń da ìyókù ife sílẹ̀."

"Mi ò bá àlejò wí. Ìwọ lo dà á. Ta ni tirẹ̀ kì í ta sílẹ̀ nínú ìlú yìí? Ìgò márùn-ún, bàtà rẹ ò tiẹ̀ tutù! Inú àpótí òfìfo ìgò lo ti kó wọn. Olvido gbé àwo jáde, o wọlé lọ síbi agolo."

Senén fa ìwé náà yọ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé apá sókè, Àǹtí. Èjìká mi ti bàjẹ́. Belarmino ní òun á fi mí ṣe ọ̀gá àwọn yàrá náà."

Ó dun ìyá náà wọ egungun. "O ò lè sọ fún mi pé apá ń dùn ọ́?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú òòlù, ó fi ìṣó mẹ́rin kan ìwé náà mọ́ ìlẹ̀kùn àbáwọlé, ó kọjú rẹ̀ sí ìgboro.

Nígbà tí Belarmino dé, èrò ti tò síwájú ilé.

"Ìwé nìyẹn," Etelvina ní. "Bó o bá kà á tán, lọ tò sẹ́yìn. Àwọn tó fẹ́ jẹun ló ṣáájú rẹ."