Iná Oòrùn Tí Kò Ká Ilé

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú ìyá arúgbó náà ló bá òkú rẹ̀ lórí ibùsùn lọ́sàn-án, òun náà ló sì pe ọlọ́pàá.

Ọmọ olóògbé, alágbàtà aṣọ, ń sunkún ní pálọ̀ nígbà tí Ìnspẹ́kítọ̀ dé. Ó ṣàlàyé pé òun àti ìyàwó òun ń sùn ni iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fún ìyá òun ní afẹ́fẹ́ fi kú.

“A máa ń rí tàìsàn ṣe ni, Ọ̀gá,” ó ní, “a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe.”

Ìnspẹ́kítọ̀ kí i kú àfẹ́kù. Ó wọ yàrá tọkọtaya náà, ibẹ̀ ṣì tutù nini. Ó yà sí ilé ìdáná. Aago ara sítóòfù, tó máa ń padà sí òdo bí iná bá já, ń lọ geere.

Ó bá pe ẹni tó fi sólà tó ń fún ilé náà ní iná sórí òrùlé. Ọkùnrin yẹn sọ pé ìjọba ló ń san ìdajì owó sólà fún ilé tí aláìsàn tó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà. Ìgbà tí alágbàtà gbọ́ èyí ló lọ gbé ìyá rẹ̀ wá láti ilé àbúrò rẹ̀. Síbẹ̀, sólà tó kéré jù lọ ló rà. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò lè gbé ẹ̀rọ ìyá àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀.

Ìnspẹ́kítọ̀ padà sí pálọ̀, ó dúró lé e lórí.

“Iná kò lọ. Bó bá lọ, aago sítóòfù ì bá ti sọ, yàrá rẹ kò sì ní tutù. Ooru mú ọ, o yọ ẹ̀rọ ìyá rẹ, o tan amúlétutù. Nígbà tí ìyá kú tán, o tún ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.”

Ẹkún alágbàtà dá wáí. “Mo rò pé ó lè fara dà á díẹ̀ ni.”

Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè.

“Ìyá ń lu ògiri,” ó ní. “Mo fẹ́ dìde. Ọkọ mi ní kí n sùn, pé tó bá yá, yóò rẹ̀ wọ́n.”

“Ó sì rẹ̀ wọ́n?”

“Kò pẹ́ rárá.”