Ohun tí Dírẹ́bà Ń Wá Lára Ajá

Ọkùnrin kan lóṣòó síwájú ilé àwọn Àsíátù ní Ṣakí, ó fi ọwọ́ kan gbá àgbọ̀n ajá mú, ó ń fi ìkejì ṣí ètè rẹ̀ kó lè rí eyín. Bí Àsíátù ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀, òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀, ó sì dára lọ́kùnrin débi pé inú bí Àsíátù. Ẹni tó dára tó báyìí, tó sì ń wo eyín ajá ẹni ẹlẹ́ni, ó ní ohun tó ń wá.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ni Àsíátù wí. "Kí ló bọ́ sí ajá wa lẹ́nu tí ẹ ń wá?"

Ọkùnrin náà dìde fùú. Ó wo Àsíátù, ọ̀rọ̀ sì pòrúúru mọ́ ọn lẹ́nu. "Mo rí i tó ń họra ni. Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwòsàn àwọn ẹran kan wà ní Ìbàdàn, mo máa ń kọjá níwájú ẹ̀."

"Inú eyín lẹ ti ń wo ara yíyún?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Ó ní Àdìgún lorúkọ òun, ọmọ Otu lòun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Bẹ́dífọ́ọ̀dù tòun tí òun fi ń kó iṣu àti èédú lọ sí Ìbàdàn. Ibi tó ti dárúkọ mọ́tò yẹn ni àyà Àsíátù ti já. Kò sí ọmọ Ṣakí tí kò mọ ohun tí àwọn awakọ̀ gáréèjì ń fi ajá ṣe nígbà ọdún Ògún, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò.

Tálómọ̀la ni wọ́n ń pe ajá náà. Bàbá Àsíátù, Mùstàfá ọdẹ, ló fi í sílẹ̀ kó tó kú. Ó ti darúgbó, irun imú rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ogbó kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ara ń yún un tọ̀sán tòru. Abẹ́ ikùn rẹ̀ ti bó, etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní kúrúnà ni, wọn ò jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn. Bàbá Ràsáàkì, àbúrò Mùstàfá tó ti di olórí ilé, ní ajá náà ń gbọnra sórí ẹní tí òun fi ń kírun. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé bí ara rẹ̀ kò bá yá kí òjò tó rọlẹ̀, òun á yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Télọ̀ ni Àsíátù. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń ṣọ́ ajá, tó ń ṣọ́ Bàbá Ràsáàkì, tó sì ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ kan ìta wọn. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ń bu nǹkan sí oúnjẹ ajá náà. Kò sẹ́ni tí kò fura sí àfi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ọ̀hún gan-an, nígbà mìíràn a máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà ẹran ìjọba tó wà ní Ṣakí bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní màlúù lòun mọ̀ jù, kó gbé ajá lọ sí Ìbàdàn. Àmọ́ awakọ̀ wo ló máa gbé ajá tí ara rẹ̀ bó sínú mọ́tò? Ẹnì kan ṣoṣo ni Àsíátù rí ronú kàn, ẹni ọ̀hún ni kò sì fọkàn tán rárá.

"Màá tẹ̀ lé yín," ló sọ fún Àdìgún. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lèmi àti ajá máa jókòó sí, láàárín iṣu."

"Iwájú gba ẹni mẹ́ta."

"Mo mọ̀ pé ó gbà á."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Àsíátù so okùn ajá mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà lórí eré. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, Àdìgún dúró, ó ra ẹ̀kọ àti àkàrà, ó nà án sí i lókè.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀," ni Àsíátù wí.

Àdìgún bù ú jẹ, ó rọra ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń wò ó. "Ṣé kí n bá ajá náà tọ́ tiẹ̀ wò?"

Àsíátù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó má baà rí i pé òun fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin ni dókítà tí wọ́n bá ní Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ tutù. Ó yẹ etí ajá wò, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ha díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó padà wá jókòó.

"Kúrúnà kọ́ rèé," ló wí. "Kì í ran ẹnikẹ́ni. Nǹkan kan wà tó ń jẹ tàbí tó ń sùn lé tí ara ẹ̀ kò fẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa wá nǹkan ọ̀hún rí nílé. Ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo ara ẹ̀."

"Ṣé yóò lọ pátápátá, Mà?"

"Kò ní lọ tán, ọmọ mi. Àìsàn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ló ní. Ẹ ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ni." Ó fún wọn ní ọṣẹ àti oògùn, ó wá wò wọ́n. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín?"

"Rárá," ni Àsíátù wí.

"A ń bọ̀ níbẹ̀," ni Àdìgún wí.

Láti ìgbà náà, bí Àdìgún bá ti dé láti Ìbàdàn, ilé wọn ló ń kọ́kọ́ yà. Òun ni í di ajá mú tí Àsíátù fi ń wẹ̀ ẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, wọn a fi òrí pa á. Nínú ìhó ọṣẹ yẹn, ọwọ́ wọn a máa kan ara wọn, kò sì sí ẹni tó ń tètè yọ tirẹ̀. Àsíátù bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìró mọ́tò náà. Inú rẹ̀ ń dùn bó bá gbọ́ ọ, inú sì ń bí i pé inú òun ń dùn.

"Àníkẹ́, tẹ etí òsì ẹ̀ sí mi díẹ̀," ni Àdìgún wí lọ́jọ́ kan.

Àsíátù dáwọ́ dúró. "Ta ló sọ oríkì mi fún yín?"

"Ẹni tó bí ọ ni. Ṣé kí èmi náà máa fura sí wọn?"

Wọ́n yọ ẹ̀kọ kúrò nínú oúnjẹ ajá, ó ń họra. Wọ́n pààrọ̀ àpò tó ń sùn lé, ó ń họra. Wọ́n yọ ẹ̀wà, pàbó ló já sí. Ó wá ku orí ẹja gbígbẹ. Àsíátù fúnra rẹ̀ ló ń rà á lọ́jà, òun ló ń gún un sórí ọkà fún ajá náà, nítorí ó ní ajá bàbá òun kò ní jẹ ọkà lásán lójú òun.

"Ẹja kọ́," ló wí. "Èmi ni mò ń fún un."

"Ìdí tí mo fi ń rọra sọ ọ́ nìyẹn," ni Àdìgún wí.

Wọ́n yọ ẹja. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa wọ̀ǹkùn, egbò abẹ́ ajá ti gbẹ, irun wúlẹ̀wúlẹ̀ ti ń hù sí i. Àsíátù jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ó ti ń wá ọ̀tá káàkiri agbo ilé, ọwọ́ tó fi ń kẹ́ ajá ló sì ń dà á láàmú. Àdìgún kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó di ọwọ́ náà mú, Àsíátù sì fi í sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn ló gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Bàbá Ràsáàkì fi gbé búùtà jáde láti ṣe àlùwàlá. Ó wo ajá, ó mi orí.

"Àdìgún, ajá yìí ti sanra o. Àbí ìgbà tó máa sanra lo ń dúró dè? Ọ̀tunla lọdún Ògún yín. Láti ìgbà tí mo ti ní kó o wá wò ó, o ò gbé e lọ."

Àsíátù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Kí ni Bàbá ń sọ?"

Àdìgún kò jiyàn. "Òótọ́ ni," ló wí. "Bàbá ní ajá kan wà nílé àwọn tí àwọn fẹ́ fi tọrẹ. Ọjọ́ tó o bá mi, mo wá wò ó bóyá yóò ṣe é fún Ògún ni. Nígbà tó o bi mí, irọ́ ló yọ sí mi lẹ́nu. Irọ́ yẹn ni mo gbé dé Ìbàdàn, Àníkẹ́, ibẹ̀ ló ti di òótọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù ojú tó o fi ń wò mí báyìí ló bà mí."

"Ẹ máa lọ," ni Àsíátù wí.

Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ó ti ara rẹ̀ àti ajá mọ́ yàrá. Ó ń gbọ́ ariwo láti gáréèjì, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá lójú fèrèsé ló ń gbé ọkàn rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó wá. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ti ọjà dé, ó ní Àdìgún dìde láàárín àwọn awakọ̀, ó ní òun kò mú ajá kankan wá. Bí olórí wọn ṣe ní kí ó má kẹ́rù ní gáréèjì mọ́ nìyẹn. Ìgbèríko Komu ló ti ń lọ ṣa èédú báyìí, àpò kan níhìn-ín, àpò kan lọ́hùn-ún.

"Ó lè jẹ́ ọgbọ́n ló ń dá," ni Àsíátù wí.

"Ọgbọ́n wo ló ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àgbà tó fi oògùn ṣe oúnjẹ alẹ́."

Òjò rọ̀, koríko tutù yọ, ara yíyún ajá sì tún dé. Oògùn ti tán, Bàbá Ràsáàkì sì ti tún ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àsíátù mú ajá, ó lọ bá Àdìgún nídìí igi kan tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí látìgbà tí wọ́n ti lé e ní gáréèjì.

"Ara ẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀," ló wí.

"Màá gbé yín lọ. O lè jókòó sẹ́yìn, bó o bá ti fẹ́."

"Mi ò ní lè lọ. Aṣọ Iléyá wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́. Àsíátù gbé ajá sí iwájú mọ́tò fúnra rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yíjú sílé kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà. Gbogbo ọjọ́ yẹn, òdì ló ń rán apá aṣọ. Ó ro ibi, ó ro re, ó tún ro ibi.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò dé. Ajá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń jùrù, òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn wà lára rẹ̀. Àdìgún tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn.

"Àníkẹ́," ló wí, "jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

"Mo fẹ́ràn yín," ni Àsíátù wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní yéé fura o. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

"Dókítà ti ṣàlàyé fún mi. Ó ní àìsàn mìíràn wà tí kì í lọ tán."

Ẹ̀rín gba Àsíátù lẹ́nu, omijé sì tẹ̀ lé e. "Ẹ ní káwọn èèyàn yín wá láti Otu," ló wí. "Kí wọ́n mọ̀ pé ajá máa bá mi wá o."

Bàbá Ràsáàkì kò ṣe oríkunkun. Ó ní bí ajá yóò bá ti kúrò nídìí ẹní ìkírun òun, òun á fi ọmọ lé e. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì.

Ní ìdájí ọjọ́ tó kọ́kọ́ sùn nílé ọkọ, Àsíátù gbọ́ tí ajá ń họra níta. Ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò bá Àdìgún lórí ẹní. Ó rọra dìde, ó lọ fojú mọ́ àlàfo ilẹ̀kùn. Àdìgún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí ajá wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi òrí pa á lẹ́yìn etí, ó sì ń bá a wí jẹ́jẹ́ pé kó yéé gé ara rẹ̀ jẹ. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Àsíátù dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sórí ẹní, ó fa aṣọ bora, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere.