Ètè Àwọn Ahunṣọ

Ìró bàtà onígi lórí òkúta títì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá rántí Cragshaw, ìlú kékeré tí wọ́n bí mi sí láàrin àwọn òkè àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò, kò, kò, àwọn obìnrin ahunṣọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ikú Tabitha Holroyd, wọ́n máa ń wá gbọ́ ìwé rẹ̀.

Ọmọ ahunṣọ ni Tabitha fúnra rẹ̀. Kí ó tó fi ìtàn kankan ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni yóò ti kà á fún àwọn obìnrin náà. Ibi tí wọ́n bá ti yínmú, yóò pa á rẹ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n àṣà náà kò kú. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ni yóò dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Enid ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n mú. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìwé Tabitha tó o nílé-ẹ̀kọ́ wa, àmọ́ akólòlò ni. Ó fẹ́ kà á ju ohunkóhun lọ, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé.

Desmond Pickles, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń ta rédíò, ló mú ọgbọ́n wá. Ó ní kí ọmọbìnrin mìíràn kà á sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, òun yóò gbé ẹ̀rọ náà pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kí Enid ṣáà máa ju ẹnu bí ẹni tó ń kà á.

"Ta ló fẹ́ mọ̀?" ni Desmond wí. "Ṣé àwọn ìyá arúgbó yẹn ni? Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dí wọn létí tipẹ́."

Ẹkún ti sú Enid. Ó gbà.

Ohun tí Desmond kò rò ni pé etí tó di yẹn gan-an ni wàhálà. Nínú ilé-iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ẹnìkejì. Ètè ni àwọn ahunṣọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń ṣòfófó láti ìkangun kan dé èkejì láìgbóhùn; ìwọ̀nba ohùn tí wọ́n bá gbọ́ níta, ètè ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ohùn tó dán jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Enid sì ń ju ẹnu, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Kò tíì lọ jìnnà tí Màmá Nellie Sugden, àgbà àwọn ahunṣọ, fi tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, tí ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyá wa, tí òun náà jẹ́ ahunṣọ, ti kọ́ wa bí a ṣe ń ka ètè, nítorí náà èmi àti Enid rí ohun tí wọ́n ń sọ: "Ohùn yìí kọ́ ló ni ẹnu yìí."

Ojú ti Enid. Desmond ń juwọ́ sí i pé kó máa bá a lọ. Enid yíjú padà, ó ti ilẹ̀kùn, ó pa ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé fúnra rẹ̀.

"Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, M-m-m..."

Ọ̀rọ̀ há. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá mi fún ọwọ́ mi títí ó fi ń dùn mí. Nígbà náà ni Màmá Nellie bọ́ síwájú, ó gbójú sókè, ó sì ń fi ètè sọ ìyókù láìmú ohùn jáde. Ẹnìkejì rẹ̀ bá a sọ ọ́, gbogbo ìlà iwájú tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́dọọdún, wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí. Enid tẹjú mọ́ ètè wọn, ó sì ń bá wọn lọ. Bí ó bá dúró, wọ́n á dúró dè é, títí ó fi parí.

Màmá Nellie gun àtẹ̀gùn lọ bá a. "Ohùn tìẹ la wá gbọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "Ìwọ Desmond, gbé ẹ̀rọ bíi pósí rẹ yẹn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn Ọlọ́run kí òjò tó pa á."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Enid náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí kò ti jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ páì tiẹ̀, ó jẹ tèmi mọ́ ọn.

Mo ti dàgbà sí Kánádà báyìí. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, Enid náà ti papòdà, àmọ́ wọ́n ṣì ń ka ojú ìwé yẹn. Bryony ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú lọ́dún yìí, akólòlò bíi tirẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun jẹ́ kí fóònù bá òun kà á. Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, èyí ni mo fi ránṣẹ́:

"Pa fóònù yẹn, ọmọ mi. Bí o bá fi ohùn ẹlòmíràn bo ara rẹ, o ò ní mọ̀ láéláé pé àwọn èèyàn ti ṣe tán láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Fi ẹnu ara rẹ kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá há, gbójú sókè, kí o wo ètè wọn."