Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Fàósátù Dín Síkẹ́ẹ̀tì Ọmọ Rẹ̀ Kù

Fàósátù, télọ̀ àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, kì í rí oníbàárà kó má fọ́nnu. "Fadilah mi kì í ya ilé ẹnikẹ́ni. Tó bá ti iléèwé dé, ó di inú yàrá." Inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Fadilah. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti dàgbà, kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tó dé Èkó.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Àǹtí Christianah, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ojúlé kejì, wá gba aṣọ. Ó bá Fàósátù nídìí máṣíìnì, ó ń dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì iléèwé Fadilah kù.

"Ṣebí ẹ dín in kù lóṣù tó kọjá?"

"Ó ń ga ni, Àǹtí nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó ń ga á rù díẹ̀."

"Ìyá Fadilah, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọn ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ò rí i pé tiyín ń rù! Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀?"

Fàósátù gbé síkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. "Mi ò mọ ọ̀rẹ́ kankan tó ní."

Àǹtí Christianah kọ́ ọ ní ohun tó máa bi ọmọ náà. "Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti bi í, kí ẹ dákẹ́."

Fàósátù pe Fadilah sínú ṣọ́ọ̀bù. "Mo ti fi ọ́ fọ́nnu títí, mi ò bi ọ́ léèrè rí. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Fàósátù alásọ̀ọ́sọtán náà pa ẹnu mọ́.

"Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, wọ́n á máa sín mi jẹ, wọ́n ní ará oko ni mí. Tí wọ́n bá ń jẹun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń sá sí. Màámi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí mi ò bá sí."

Fàósátù bi í ní ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ. "Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi kó o má wà láyé mọ́?"

"Nígbà mìíràn."

Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sunkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Àǹtí Christianah mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ìyá lọ rí olùdámọ̀ràn iléèwé, wọ́n sì fi òpin sí yẹ̀yẹ́ náà.

Fadilah ṣì máa ń lọ rí dókítà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú Ìníolúwa, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wálé. Àwọn méjèèjì jẹ ìrẹsì inú ìkòkò tán pátá, Fàósátù sì lọ ra búrẹ́dì jẹ, inú rẹ̀ ń dùn.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó dákẹ́ lè máa jìyà. Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè bóyá ó ń rò ó láti kú. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa gbé èrò náà sí i lórí. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín lónìí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.