Ẹsẹ̀ Tó Kan Àpótí Bàtà

Òfìfo ni agolo fíìmù náà. Bí wọ́n ṣe ṣí i báyìí, ariwo ta nínú ilé iṣẹ́ sinimá wa ní Bombay, kí tíì àárọ̀ sì tó délẹ̀, wọ́n ti lu Bàbá Bashir tó ń ṣọ́ yàrá fíìmù bolẹ̀. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n kọ́kọ́ nà án ná.

Nígbà tí Paranjpe, ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, dé, ara òpó tí wọ́n so arúgbó náà mọ́ ló ti bá a. Inú bí i.

"Ta ló ní kí wọ́n lu èèyàn báyìí?"

"Èmi ni," Seth Tribhuvandas dáhùn. Owó Seth ni wọ́n fi ń ṣe sinimá náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àbúrò rẹ̀ ti kó lọ sí Karachi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí lẹ tún fẹ́ wádìí?"

Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti pín ilẹ̀ wa sí méjì, tí Karachi sì bọ́ sí apá ti àwọn Mùsùlùmí. Látìgbà náà, nǹkan kì í sọ nù kí a má nawọ́ sí Mùsùlùmí tó bá wà nítòsí. Ìtìjú ńlá ni fún wa. Paranjpe fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló wọ yàrá yẹn lánàá?"

"Ọ̀gá mẹ́ta, ọmọ mi. Seth gbé báàgì rẹ̀ dání. Kusumlata kó aṣọ eré rẹpẹtẹ sápá. Lahiri-babu gbé bàtà tí òṣèré fi ń gun ẹṣin. Mo bọ́ síta fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni mo jẹ́ tí n ó máa ṣọ́ ọ̀gá?"

Paranjpe wọ yàrá náà. Ó ṣèèṣì fẹsẹ̀ gbá kámẹ́rà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kó tó mọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan kámẹ́rà náà, ó sì fọwọ́ ọ̀hún kan iwájú orí. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn bí ẹsẹ̀ bá kan ìwé, tàbí ohun tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, tàbí èèyàn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ á ti tọrọ àforíjì kí ọkàn tó gbọ́.

Fíìmù tuntun tí wọn ò tí ì lò kún inú yàrá náà. Olè tó bá fẹ́ rí nǹkan tà, ìyẹn ni ì bá kó. Olè yìí fi gbogbo wọn sílẹ̀, ìparí sinimá nìkan ló mú.

"Ìparí wo?" Paranjpe béèrè.

"Èyí tí mo ní kí wọ́n yà," ni Seth wí. "Inú ìwé òyìnbó ni wọ́n ti mú ìtàn yẹn. Ọkọ purọ́ fún ìyàwó, ìyàwó gbé báàgì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Wọ́n ti ya ìyẹn. Mo ní irú ìyàwó wo nìyẹn? Kó padà wálé, kó forí balẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ, kó tọrọ àforíjì."

"Ọkọ ló ṣẹ̀, ìyàwó ló ń bẹ̀bẹ̀?"

"Ọkọ rẹ̀ ṣáà ni."

Ìparí ti ọkọ̀ ojú irin ṣì wà nínú agolo tirẹ̀. Ti ìforíbalẹ̀ ló sọ nù, wọ́n sì ti tú ilé tí wọ́n ti yà á palẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un yà.

Kusumlata, òṣèré tó ṣe ìyàwó nínú sinimá náà, ń nu àtíkè ojú rẹ̀ kúrò nígbà tí Paranjpe wọlé tọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin lẹ mú un, àbí?"

"Ó wù mí," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n mú mi forí balẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Ṣùgbọ́n n ò ní jí i, ọ̀gá. Màá dáná sun ún lójú Seth ni, kó lè gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa."

Lahiri, olùdarí sinimá náà, tí gbogbo wa ń fi ọ̀wọ̀ pè ní babu, fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i káàbọ̀. Ìwé kún yàrá rẹ̀ dé àjà.

"Ta lẹ fura sí, Babu?"

"Kí ni mo mọ̀? Bashir lè mú un. Ebi lè mú èèyàn ṣe ohunkóhun."

Ó dìde láti pa fèrèsé dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àpótí kan lábẹ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan àpótí náà, ó fọwọ́ kan iwájú orí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Paranjpe ò gbọ́ ìyókù.

"Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

"Bàtà òṣèré wa ni."

"Bàtà. Ìlú wo ni wọ́n ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàtà, Lahiri-babu?"

Olùdarí náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Paranjpe fa àpótí náà jáde, ó gbé bàtà kúrò. Fíìmù náà wà nísàlẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun.

"Mo yọ ọ́ nínú agolo, mo dé agolo padà," ni Lahiri wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ìgbà èwe mi ni mo ti fẹ́ràn ìwé yẹn. Bí èyí bá sọ nù, dandan ni kí Seth lo ti ọkọ̀ ojú irin. Mo fẹ́ sun ún. Fíìmù ni, ọwọ́ mi kọ̀."

"O gbọ́ igbe Bàbá Bashir láàárọ̀ yìí?" Paranjpe ò pè é ní "ẹ" mọ́.

Lahiri yíjú sí fèrèsé.

"Mo ń bi ọ́."

"Mo gbọ́."

"O ní obìnrin inú ìwé ò gbọdọ̀ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. O wá jẹ́ kí arúgbó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kan fíìmù, o bẹ̀rẹ̀. O tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, o jókòó sínú yàrá. Dìde."

Ó mú un jáde, ó gbé àpótí náà dání. Ó yíjú sí Seth: "Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ síwájú. Ẹni tó ní kí wọ́n lu èèyàn ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́."

Bàbá Bashir jókòó sídìí òpó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i ní irùngbọ̀n. Lahiri bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Arúgbó náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Rárá, Babu. Ẹ ò fẹ́ ìforíbalẹ̀ nínú ìparí tiyín. Èmi náà ò fẹ́ ẹ nínú tèmi."

Ó dìde pẹ̀lú ìrora. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí bàtà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde. Seth pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò bojú wẹ̀yìn.